Abẹ Bàbá Àgbà àti Àwọn Ọ̀nà Tí Kò Pàdé

Rísì, ọmọ ọmọ mi, forí jì mí. Mo ti ń gbàgbé nǹkan. Àná ni mo ń wá fìlà mi kiri ilé, orí mi ló wà. Tí mo bá sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan ni kó o kọ ọ́. Tí mo bá fo ibì kan, má bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé mo gbàgbé, ó sì lè jẹ́ pé mi ò fẹ́ sọ ọ́ ni. Mi ò lọ síléèwé, ìwọ lo lọ. Kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi, má bá mi tún un ṣe.

Ìwọ lo ṣáà béèrè. O ní kí ló dé tí tìmùtìmù aláwọ pupa yẹn fi wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù láti ìgbà tí wọ́n ti bí ẹ, tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fìdí kàn án. Bàbá àgbà tèmi ló ṣe é, bàbá tó bí bàbá mi. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti lọ. Mi ò kì í sọ̀rọ̀ wọn. Èmi náà ò mọ ìdí ẹ̀. Bóyá nítorí pé àwọn náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Iṣẹ́ awọ ni wọ́n ń ṣe, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Àpò, apó ọfà, ìbòrí kùránì, ṣùgbọ́n tìmùtìmù lèèyàn mọ̀ wọ́n sí jù. O mọ bó ṣe rí, ó rí roboto, òwú ló kún inú ẹ̀, awọ ewúrẹ́ ló bò ó lára, pupa, dúdú, funfun, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì tò pọ̀. Ẹlòmíì á wo àwọ̀ ẹ̀, á ní ó dáa. Bàbá Àgbà kì í wo àwọ̀. Wọ́n á di ojú, wọ́n á máa fi àtàǹpàkò tọ ibi tí awọ kan ti pàdé èkejì. Tí èékánná bá ti lè wọ àárín ẹ̀, wọ́n á tú u.

Ọjọ́ kan, Alájì kan wá kó tìmùtìmù méjìlá tó fẹ́ fi ṣètọrẹ níbi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀. Ọkọ̀ ti dúró, wọ́n ti ń kó o sínú ọkọ̀. Bàbá Àgbà fọwọ́ tọ́ ọ̀kan bó ṣe ń kọjá, wọ́n gbà á, wọ́n mú abẹ, wọ́n sì là á níwájú Alájì. Alájì figbe ta.

"Bàbá! Mi ò rí nǹkankan lára ẹ̀ o!"

"Ẹ ò ní rí i," ni wọ́n sọ. "Èmi ni màá máa rí i látibí."

Mọ́kànlá ni Alájì gbé lọ lọ́jọ́ yẹn. Ó padà wá gbé ìkejìlá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Àwọn fúnra wọn ò jókòó lórí tìmùtìmù rí. Awọ àgùntàn kan tó ti gbó, tí irun ẹ̀ ti tán, lórí ẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí nílẹ̀. Àlejò á dé, á máa wo tìmùtìmù ogún tó wà lára ògiri, á máa wo Bàbá nílẹ̀. Tí wọ́n bá bi wọ́n, wọ́n á ní, "Tí mo bá jókòó lé e, mi ò rí i mọ́."

Wọ́n le o. Mi ò ní parọ́ nítorí pé wọ́n ti kú. Tí abẹ bá wà lọ́wọ́ wọn, wọn kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ì báà jẹ́ ìmáàmù ló ń kí wọn. Ìyàwó wọn á pè wọ́n pé oúnjẹ ti tutù, kò sésì. Ó dìgbà tí abẹ bá fọwọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n sì fẹ́ràn àríyànjiyàn. Màlámù Sálé, tó ń gbé ní Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun ló máa ń kó awọ wá fún wọn. Bó ti ń sọ awọ kalẹ̀ báyìí, ìjà ti dé.

"Sálé, ewúrẹ́ yìí jà kó tó kú. Wo ihò lára ẹ̀."

"Haba, Bàbá! Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, àlùbáríkà ló wà lára ẹ̀."

"Àlùbáríkà ò níhò."

Wọ́n á máa bá a lọ títí ìrun Àsárì á fi dé, wọ́n á jọ kírun, wọ́n á jọ jẹ obì, wọ́n á tún padà sídìí ihò. Ogún ọdún ni wọ́n fi jà báyìí. Mi ò rí ọ̀rẹ́ méjì tó fẹ́ràn ara wọn tó ìyẹn.

Mo ti fẹ́ máa yà kúrò lọ́nà. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí.

Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ṣẹ́ láti kékeré. Nílé wa, tí ọmọ iṣẹ́ bá parí, kò sí pátì, kò síwèé ẹ̀rí. Bàbá á ṣe tìmùtìmù kan fún un, wọ́n á fi ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ láìrán. Ọmọ iṣẹ́ á jókòó níwájú wọn, á rán ibẹ̀ dé fúnra ẹ̀. Bàbá á fọwọ́ tọ́ ọ. Tó bá dáa, wọ́n á ní, "Máa lọ." Fírídọ̀mù ẹ nìyẹn. Tí wọn ò bá tíì sọ ọ́, o ò tíì lọ, ì báà jẹ́ Kánò lo wà.

Èmi ò dúró kí wọ́n sọ ọ́. Àwọn èèyàn ti ń ra àga onífóòmù, tìmùtìmù ò yá mọ́, mo sì ti fẹ́ ìyàwó. Ẹnì kan sọ fún mi pé ilé ìtẹ̀wé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń wá ẹni tó lè gé ìwé kó gún. Mo lọ bá Bàbá láàárọ̀ kùtù, mo ṣàlàyé. Wọ́n mú abẹ. Mo dúró. Wọ́n ń gé awọ. Mo dúró títí oòrùn fi wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn ò gbé abẹ yẹn kalẹ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, mo sì gbé báàgì mi.

Ọdún mẹ́sàn-án ni. Mo ń kọjá ní Ọ̀yọ́ lọ sí Ìbàdàn, mo máa ń yíjú sí apá kejì. Wọ́n ní Bàbá ní ẹsẹ̀ àwọn ò ní tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ títí àwọn á fi kú. Mo bímọ, wọn ò wá. Mo ń jẹun, mo ń sùn, ṣùgbọ́n inú mi dà bí ẹni tó jáde tí ò ti ilẹ̀kùn. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé kí wọ́n má lọ kú láìsọ ọ̀rọ̀ méjì yẹn fún mi.

Àsìkò SAP ni, nígbà ológun, tí gbogbo nǹkan wọ́n, tí ìwé àti íǹkì wọ́n ju ẹran lọ. Tíṣà kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà yẹn, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní jógíráfì, Tíṣà Ládélé. Ó ti gbé ìlú òyìnbó rí. Ó gbé eré kan bọ̀ láti ọ̀hún tí mi ò rí irú ẹ̀ rí. Àwọn àgbàlagbà á jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan á ní ọdẹ lòun, ẹnì kan á ní jagunjagun lòun, wọ́n á jọ máa rìn nínú igbó tí kò sí níbì kankan. Tíṣà nìkan ló mọ ohun tó wà níwájú. Bí wọ́n bá ti ń rìn, á máa mú páálí onígun mẹ́rin kan lẹ́yìn òmíràn, á máa tò wọ́n sórí tábìlì: igbó rèé, odò rèé, ihò àpáta rèé. "Ilẹ̀" ló ń pè wọ́n. Tí nǹkan bá le, wọ́n á ju dáìsì bíi ti lúdò.

Ti òyìnbó tó kó bọ̀ ti ya tán. Ó bá tún òmíràn yà fúnra ẹ̀, ọgọ́rin, ó gbé e wá sọ́dọ̀ wa pé ká bá òun tẹ̀ ẹ́, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, ká gé e. Wọ́n ti ní kí Tíṣà lọ máa kọ́ni ní Ṣakí, ọjọ́ Ajé ló ń lọ. Ó fẹ́ kí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ fi ṣeré ìdágbére ní Sátidé.

Ọ̀gá mi tẹ̀ ẹ́ tán, a lẹ̀ ẹ́, ọ̀gá lọ wá íǹkì lọ sí Ìbàdàn. Èmi nìkan ló kù nídìí ẹ̀rọ agéwèé. Tíṣà ti kọ nǹkan sínú bébà kan pé báyìí báyìí ni kí wọ́n gé e. Rísì, mi ò lè kà á. Ọmọbìnrin tó ń to lẹ́tà wà níbẹ̀, mi ò ní kó kà á fún mi, ojú ń tì mí. Mo ní ṣebí ìwé ni, kí ni mi ò gé rí? Ìwé ìpè, kálẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ìsìnkú, gbogbo ẹ̀ ni mo máa ń fi funfun díẹ̀ sílẹ̀ yí ká, kó lè mọ́, kó lè bọ̀wọ̀ fún àwòrán. Bí mo ṣe gé ọgọ́rin ilẹ̀ Tíṣà nìyẹn. Ó mọ́ o! Ó mọ́ bí ìwé ìpè ìgbéyàwó.

Ọ̀gá dé lọ́jọ́rú nírọ̀lẹ́. Ó mú méjì, ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọ̀nà tó wà lórí èyí ò dé ọ̀nà tó wà lórí ìyẹn. Funfun wà láàárín. Odò dé etí páálí, ó gbẹ. Gbogbo ọgọ́rin.

Ọ̀gá ò pariwo. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ti burú. Ó ní, "Làmídì, kò sí íǹkì, kò sí ìwé tí mo máa fi tún un tẹ̀. Tí Tíṣà ò bá gba iṣẹ́ yìí ní Sátidé, tó bá di ọjọ́ Ajé, jókòó sílé ẹ."

Ẹ̀rọ ò lè gé e mọ́. Àwòrán ò dọ́gba lórí páálí, èyí yẹ̀ sọ́tùn-ún díẹ̀, ìyẹn yẹ̀ sósì. Ọwọ́ ló máa gé funfun yẹn kúrò, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìjẹ́ kó ṣẹ́kù tó irun orí kan. Mo sì mọ ẹnì kan ṣoṣo láyé yìí tó ní irú ọwọ́ yẹn.

Mo kó ilẹ̀ ọgọ́rin náà sínú páálí kan, mo gbé e lé itan nínú ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́bọ̀. Nígbà tí mo dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n wà lórí awọ àgùntàn yẹn náà. Ojú òsì wọn ti funfun. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

Abẹ wà lọ́wọ́ wọn. Mo wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, mo ń wo èèrà. Mo ní bó ṣe máa rí nìyẹn, wọn ò tún ní gbé e kalẹ̀. Ìgbà tó yá, mo gbọ́ tí abẹ kan ilẹ̀.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá."

"Kí ló wá gbé ẹ dé?"

Mo ṣí páálí. Wọ́n mú ilẹ̀ kan, wọ́n di ojú, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ́ ọ yí ká, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Ta ló gé èyí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Mo mọ̀. Ẹni tí mo kọ́ ló gé e, ó gún. Ibi tó gé ló burú."

Rísì, ìwọ lè má mọ ohun tí ìyẹn ṣe fún mi. Wọ́n ní ẹni tí àwọn kọ́.

Ọjọ́ kan àti ààbọ̀ la fi ṣe é. Ojú wọn ò gbé ìlà náà mọ́, nítorí náà èmi ni mò ń fi èékánná sí ibi tí àwòrán parí sí, àwọn sì ń gé e. Wọn ò lo rúlà. A ò sọ̀rọ̀, abẹ ṣáà wà lọ́wọ́ wọn. Tí a bá ti gé mẹ́wàá, wọ́n á gbé abẹ kalẹ̀, wọ́n á bi mí ní ìbéèrè kan.

"Àwọn tó ń ṣe eré yìí, àgbàlagbà ni?"

"Àgbàlagbà ni, Bàbá. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Dírébà wà níbẹ̀."

"Wọn ò níṣẹ́ nílé?"

Wọ́n gé mẹ́wàá míì.

"Igbó yẹn, ta ló ni ín?"

"Kò sẹ́ni tó ni ín, Bàbá. Kò sí igbó kankan níbẹ̀. Ẹnu ni wọ́n fi ń rìn ín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín nímú. Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí a dé láti mọ́sálásí, ó ku díẹ̀. A parí ẹ̀, wọ́n ní kí n tò ó sílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo tò ó. Ọ̀nà ń jáde látinú igbó, ó gba orí afárá, ó wọ ìlú àwókù kan, kò já níbì kankan. Bàbá Àgbà fi orúnkún rìn tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n ń fọwọ́ tọ́ ọ.

"Ọ̀nà yìí ń lọ síbo?"

"Tíṣà nìkan ló mọ̀, Bàbá."

"Ó dáa. Mo fẹ́ rí Tíṣà yẹn."

Èmi ò rán wọn létí pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni Tíṣà wà. Wọ́n gbé agbádá wọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n jókòó síwájú ọkọ̀. Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀ ní gárèèjì Ògbómọ̀ṣọ́, mo ń wo ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n rí mi. Wọ́n ní, "Bàtà ló tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ẹsẹ̀."

Ilé Tíṣà la lọ lẹ́yìn ìrun Àílà. Ọ̀gá mi ti wà níbẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ́wọ́ lẹ́yìn. Tíṣà tò ilẹ̀ mẹ́rin pọ̀ lórí tábìlì. Ó tẹ orí ba. Ó fi ìka ẹ̀ kọjá lórí ibi tí wọ́n ti pàdé, ó wo ọ̀gá mi, ó ní, "Iṣẹ́ òyìnbó ò tó èyí." Ọ̀gá mi mí kanlẹ̀. Èmi náà mí.

Àwọn ọ̀rẹ́ Tíṣà fún Bàbá ní àga, Bàbá kọ̀ ọ́, wọ́n tún gbà á nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn ò ní rí orí tábìlì látilẹ̀.

"Bàbá, ta lẹ fẹ́ jẹ́ nínú eré?" ni Tíṣà bi wọ́n. "Ọdẹ, àbí jagunjagun?"

"Oníṣẹ́ awọ."

"Kò sí oníṣẹ́ awọ níbẹ̀, sà."

"Ta ló wá ṣe bàtà jagunjagun náà?"

Tíṣà fi báírò họ orí. Ó kọ oníṣẹ́ awọ sílẹ̀.

Wọ́n rìn, wọ́n rìn, wọ́n dé orí afárá. Tíṣà ní ejò erè ńlá kan dábùú afárá, ó gùn tó ọ̀pá iná. Jẹrimáyà, dírébà tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, fò dìde lórí àga.

"Mo yọ idà! Mo gé e sí méjì!"

"Dúró!" Bàbá lu tábìlì. "Awọ tó gùn tó yẹn, o fẹ́ gé e sí méjì? Ṣé wọ́n ń lé ẹ ni, dírébà?"

"Bàbá, ó máa pa wá o!"

"Kò ní pa ọ́. Ejò máa ń bọ́ awọ. Ẹ jẹ́ ká jókòó dè é. Tó bá bọ́ ọ tán, ara á rọ̀ ọ́, á lọ, àwa á ká awọ wa."

Nọ́ọ̀sì ti ń fi ìborùn nu ojú nítorí ẹ̀rín. Tíṣà ní láti ọjọ́ tóun ti ń ṣe eré yìí, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n jókòó de ejò rí. Ó ní ó dáa, kí Bàbá ju dáìsì, tó bá bọ́ sí mẹ́fà, ejò á bọ́ awọ. Bàbá jù ú. Dáìsì yí láti orí ilẹ̀ kan bọ́ sórí ilẹ̀ kejì, ó tún bọ́ sórí ìkẹta, ó dúró. Mẹ́fà ni! Gbogbo ilé pariwo, Jẹrimáyà ń jó. Bàbá Àgbà ò wo mẹ́fà rárá. Ibi tí àwọn ilẹ̀ ti pàdé ni wọ́n ń wò.

"Kò kọsẹ̀," ni wọ́n sọ, bí ẹni ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. "Ẹ rí i? Kò kọsẹ̀ rárá."

Tíṣà kó àwọn ilẹ̀ náà lọ sí Ṣakí lọ́jọ́ Ajé, mi ò mọ ohun tó dà. Ọ̀gá mi ò bá mi wí mọ́. Mo ní kí ọmọbìnrin tó ń to lẹ́tà máa bá mi ka bébà kí n tó gé nǹkan. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí.

Ṣùgbọ́n Bàbá padà sí Ọ̀yọ́ láìsọ ọ̀rọ̀ méjì yẹn. Mi ò bi wọ́n. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń béèrè.

Ó tó oṣù mélòó kan, ọyẹ́ ti ń fẹ́, Màlámù Sálé gbé ẹrù kan wá bá mi ní ilé ìtẹ̀wé. Tìmùtìmù pupa. Orí ẹ̀ kì í ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Awọ onígun mẹ́rin mẹ́rin ló wà lórí ẹ̀, tí ọ̀nà dúdú kan gba àárín gbogbo wọn kọjá, tí kò já.

"Bàbá ní kí n sọ fún ẹ," Màlámù ní, ó ń rẹ́rìn-ín, "pé àwọn ò ṣe é fún ẹ. Ìdí ẹ ni àwọn ṣe é fún."

Mo yí i padà. Nísàlẹ̀ ẹ̀, ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́ kan wà láìrán. Abẹ́rẹ́ wà lára ẹ̀, òwú wà lójú abẹ́rẹ́.

Rísì, mi ò dúró gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo dé Ọ̀yọ́. Mo jókòó níwájú wọn, mo rán an. Ọdún mẹ́sàn-án ni mi ò ti di abẹ́rẹ́ awọ mú. Wọ́n gbà á, wọ́n di ojú méjèèjì, àtàǹpàkò ń lọ, ó ń bọ̀. Wọ́n tún tọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo rò pé wọ́n máa là á.

"Ó wọ́ díẹ̀," ni wọ́n sọ. Wọ́n gbé e fún mi. "Máa lọ."

Mo sùn nínú ọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ ọkọ̀ ló jí mi.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀ tí wọ́n lọ. Wọ́n kírun Àsárì tán, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, ó parí. Kò sí àìsàn. Mo sunkún, ṣùgbọ́n inú mi fúyẹ́, mi ò tijú láti sọ ọ́. Níbi àdúrà, Màlámù Sálé fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní nínú gbogbo ọdún mẹ́sàn-án yẹn, kò sígbà tóun gbé awọ dé tí Bàbá ò ní kọ́kọ́ bi òun kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀ pé, "Ọmọ yẹn, ṣé ó ṣì ń gé e kó gún?"

Ìdí tí mi ò fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e nìyẹn. Mo fẹ́ máa rí i.

Ó tó. Ó ti rẹ̀ mí. Wá, sún mọ́ mi, kà á sókè fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Rọra kà á. Níbi tó o bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ kan ò kan èkejì, dúró, kí n bá ẹ mú un pàdé.